Òwú Tí A Lọ Rà ní Sàró

Ẹ̀yin ará Bàrígà, ẹ̀yin ará Ṣómólú, àti ẹ̀yin ará Obaníkòró tí ẹ máa ń ṣe bí ẹni pé ẹ kò mọ̀ wá rí, mo ti dé o. Ara mi le. N kò sanra, n kò sì rù. Ẹni tó bá ní mo dúdú sí i, òótọ́ ló sọ. Oòrùn Sàró kò mọ ẹni tó kàwé yàtọ̀.

Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni ẹ ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà: "Nọ́ọ̀sì, kí lẹ rí lọ́hùn-ún?" Mo ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti sọ ọ́ nídìí ẹ̀rọ ìlọta. Mo ti sọ ọ́ fún obìnrin kan tó ń rọbí lọ́wọ́, òun ló ní kí n jọ̀ọ́ sinmi ẹnu kí n gba ọmọ. Ọkọ mi, Bàbá Kúnlé, tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú, ló ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ kí òun tẹ̀ ẹ́, kí ọ̀fun mi lè sinmi. Irọ́ ni. Etí tirẹ̀ ló fẹ́ kó sinmi.

Ẹ mọ ilé ìgbẹ̀bí mi, lọ́nà tó lọ sétí ọ̀sà. Kò tíì pẹ́ tí àwọn sójà gbé ìjọba fún alágbádá tí lẹ́tà dé látọ̀dọ̀ àwọn aláàánú kan. Wọ́n ní ogun ti lé àwọn èèyàn kúrò nílé ní Sàró, abẹ́ tapólì ni wọ́n ń gbé, àwọn obìnrin ń bímọ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, àwọn sì ń wá agbẹ̀bí tí ọwọ́ rẹ̀ ti gbó. Ọwọ́ mi gbó. Mo ní mò ń lọ fún oṣù mẹ́ta.

Bàbá Kúnlé kò bá mi sọ̀rọ̀ fọ́jọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta ó gbé páálí kékeré kan bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Káàdì ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, wúrà yí etí rẹ̀ ká, orúkọ mi wà láàárín, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà: AGBẸ̀BÍ ÀGBÁYÉ.

"Bàbá Kúnlé, èwo ni ti àgbáyé?"

"Ṣebí wàá kọjá Sẹ̀mẹ̀? Ẹni tó bá ti kọjá Sẹ̀mẹ̀ ti di àgbáyé nìyẹn."

Mo kó gbogbo rẹ̀ sápò. Ẹ rántí káàdì yìí, ó ṣì máa wúlò.

Ará ilé

Ti ojú ọ̀nà kò gba àlàyé: mo jókòó, ara ro mí, mo dé.

Ẹnu ọ̀nà àgọ́ àwọn asásálà ni mo ti gbọ́ ohun tó fẹ́ẹ̀ pa mí lẹ́kún. Obìnrin kan tó ru igi kọjá lára mi, ó ní, "Kúṣẹ́ o!" Èkejì dé, "Kúṣẹ́!" Ẹ gbọ́ ná, ta ló tún ń sọ báyẹn láyé bí kò ṣe àwa? Àwọn baba ńlá àwọn kan nínú wọn ti ọ̀dọ̀ wa lọ láyé òwò ẹrú. Wọ́n gbé àkàrà lọ, wọ́n gbé ìkómọjáde lọ, wọ́n sì gbé ẹ kúṣẹ́ lọ. Mo sọ báàgì kalẹ̀, mo ní, "Hẹ̀n-ẹn! Ará ilé ni wọ́n!"

Ohun tó fẹ́ẹ̀ ba iṣẹ́ mi jẹ́ nìyẹn. Mo gbàgbé pé ẹni tó gba ìkíni kan lọ́wọ́ ẹni kò gba gbogbo rẹ̀.

Àmọ́ wọ́n mọ àlejò í ṣe. Ẹni tí ogun jó ilé rẹ̀, tí kò ní ju ẹní kan àti ìkòkò kan lọ, á nu àpótí kan ṣoṣo tó ní fún ọ kí o jókòó, òun á wà lórí ìdúró. Tí o bá ní kó jókòó, ó ń bínú. Èmi náà bá bínú, a jọ dúró.

Oúnjẹ ewúrẹ́

Màmá Isátù ló kọ́kọ́ fún mi lóúnjẹ. Ìyá àgbà kan ni, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, eyín mẹ́ta ló kù lókè, òun ló sì gbẹ̀bí ìdajì àwọn ọmọ tó ń sáré kiri nínú àgọ́ yẹn kí n tó dé. Tapólì rẹ̀ kọjú sí àgọ́ ìgbẹ̀bí mi. Ó ń sọ èdè tiwọn, èmi ń sọ pijín tiwa, ó ń yé wa.

Ó gbé ìrẹsì síwájú mi, nǹkan dúdú kan sì wà lórí rẹ̀. Mo tọ́ ọ wò. Ó dùn! Epo rẹ̀ jinná, ata rẹ̀ kò fojú rénà ẹnikẹ́ni. Mo ti jẹ ẹ́ dé ìdajì kí n tó béèrè.

"Màmá, ẹ̀fọ́ wo nìyí?"

"Ewé pákí ni."

Ṣíbí dúró sáfẹ́fẹ́. "Màmá! Nílé wa, ewúrẹ́ ló ń jẹ ẹ́!"

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ta ló wá gbọ́n jù nílé yín?"

Mo bá jẹ ìyókù. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá rí ewúrẹ́ níbi pákí ní Bàrígà, mo máa ń kí i.

Ti ìrẹsì tún yàtọ̀. Ará ibẹ̀ lè jẹ odindi búrẹ́dì, kó fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì lé e, kó fi ẹ̀wà tì í, kó wá jókòó pẹ̀lú ìbànújẹ́ kó ní òun kò tíì fẹnu kan nǹkan láti àárọ̀. Kò tíì rí ìrẹsì ni. Èmi tí mo ti lo ọ̀sẹ̀ méjì láìfojú kan ẹ̀bà kò lè bá a wí. Kálukú pẹ̀lú ohun tó ń pa á lẹ́kún.

Ìkíni tó lé aboyún sá

Àgọ́ ìgbẹ̀bí tí wọ́n fún mi dára ju bí mo ṣe rò lọ. Bẹ́ẹ̀dì wà, omi tó mọ́ wà, oògùn wà, ọkọ̀ kan wà níta tí yóò gbé ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá le lọ sílé ìwòsàn ìlú. Gbogbo nǹkan ló wà àfi aboyún. Odindi ọjọ́ mẹ́ta, kò sẹ́ni tó wọlé bí kò ṣe adìyẹ kan, òun náà sì ti yé ẹyin tirẹ̀ síbòmíì.

Mo ní kò burú, bí wọn kò wá, èmi yóò lọ kí wọn.

Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é níbí. Ẹni tó jókòó, a ó kí i kú ìjókòó. Ẹni tó dìde, kú ìdúró. Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan, a ó ní ó kú iṣẹ́. Aboyún wá ńkọ́? Kí aboyún kọjá lójúde rẹ kí o má ṣàdúrà fún un! Wọ́n á ní o ní nǹkan nínú.

Mo bọ́ síbi ẹ̀rọ omi láàárọ̀, àwọn obìnrin tò lọ bí ẹní máa dìbò. Ojú agbẹ̀bí ni ojú mi. Kí n tó lanu, mo ti ka ikùn mẹ́sàn-án lábẹ́ ìró. Mo bá gbé ohùn sókè: "Ẹ kú ìkúnra o! Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o! A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ!" Kó má baà jẹ́ pé kò yé wọn, mo tú u sí pijín, mo sì ń nàka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ìwọ, ìwọ, àti ìwọ aláṣọ pupa yẹn.

Gbogbo ìlà yíjú sí garawa wọn. Omi nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

Aláṣọ pupa gbójú sókè wò mí bí ẹni tí mo gbá létí. Ọmọdébìnrin ni, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ. Ó fi garawa rẹ̀ sílẹ̀, ó sá. Bó ti ń sá lọ ni mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀: ó wú, ó ń dán, kò sí ọrùn-ẹsẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Ojú rẹ̀ náà wú. Ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ lọ́wọ́ mi mọ̀ pé tí mo bá ti rí irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, eré mi ti parí. Ẹsẹ̀ báyẹn máa ń ṣáájú gìrì tí í mú aboyún, gìrì yẹn kì í sì í báni dúnàádúrà kó tó pani.

Mo wá a kiri. N kò rí i. Mo rò pé ìkíni mi ni kò tíì tó, mo bá fi kún un. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ karùn-ún, bí mo bá yọ lápá ibí, àwọn aboyún á yà sápá ọ̀hún. Mo rí èyí tó kó sẹ́yìn ewúrẹ́. Ikùn oṣù mẹ́jọ, ẹ̀yìn ewúrẹ́!

Màmá Isátù ló fà mí lápá wọ abẹ́ tapólì rẹ̀.

"Ìwọ obìnrin yìí, ta ló rán ọ sí wa?"

"Màmá, kí ni mo ṣe?"

"Ẹnu rẹ! Níbí, oyún kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Gbogbo èèyàn rí i, kò sẹ́ni tó rí i. Tí obìnrin bá ń rọbí, yóò ní òun ń lọ ṣẹ́gi. Ó di ìgbà tí ọmọ bá ké kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Àgọ́ rẹ tó dára yẹn, kò ha kọjú sí ibi tí àwọn ọkùnrin ti ń tò gba ìrẹsì? Ta ni yóò gba iwájú wọn wọlé? Kó kúkú lu agogo."

Mo bi í léèrè aláṣọ pupa.

"Háwà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lóyún nígbà tí a ṣì wà nílé, gbogbo abúlé ń yọ̀, wọ́n ń pariwo rẹ̀. Ogun dé, a sá wọgbó. Inú igbó ni gìrì ti pa á, tòun tọmọ inú rẹ̀. Háwà ló dì í mú. Tirẹ̀ yìí, má bi mí ẹni tó fún un; ogun náà ni. Ó ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé tẹ́nikẹ́ni kò bá ti sọ ọ́, kò ní ṣẹlẹ̀ sí òun. Ìwọ wá nàka sí i nídìí ẹ̀rọ omi."

Mo jókòó.

Ìyá àgbà sún mọ́ mi. Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan irun mi, tí mo fi òwú kó kí n tó kúrò ní Bàrígà.

"Ta ló ṣe orí yìí fún ọ?"

"Èmi náà ni."

"Títí dé ìpàkọ́?"

"Títí dé ìpàkọ́, Màmá."

Ó rẹ́rìn-ín, eyín mẹ́ta. "Irun kì í ṣe àṣírí," ló wí.

Ìdí àpótí

Lọ́jọ́ kejì mo gbé àpótí sẹ́yìn àgọ́, níbi tójú ọkùnrin kò dé. Mo wé òwú dúdú tí mo kó wá mọ́ káàdì Bàbá Kúnlé, èyí lójú kan, èyí lójú kejì. AGBẸ̀BÍ ÀGBÁYÉ rí iṣẹ́ ṣe nígbẹ̀yìn. Màmá Isátù ló kọ́kọ́ jókòó. Irun orí rẹ̀ kò ju ti ọmọ tuntun lọ, mo sì fi ìdajì wákàtí dì í, kí ayé lè rí i.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ọ̀kan, méjì, ọ̀wọ́ kan. Mo ṣe ṣùkú, mo ṣe pàtẹ́wọ́, mo ṣe ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ tí n kò ṣe mọ́ láti ìgbà tí mo ti wà nílé ẹ̀kọ́. Ẹ sì mọ bí onídìrí ti ń jókòó: obìnrin wà láàárín orúnkún mi, ẹ̀yìn rẹ̀ sí mi, ọwọ́ mi lè sọ̀kalẹ̀ dé ibi tó bá wù ú. Mo ń dì, mo ń fọwọ́ kan ikùn. Mo ń dì, mo ń tẹ ẹsẹ̀ wò. Tó bá yá, mo máa ní, "Na apá rẹ," mo máa fi ẹ̀rọ ìfúnpá sí i. Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ló kan apá nínú irun. Ìwà ọmọlúàbí nìyẹn.

Kò sì sí ìkíni. Háà! Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dárò. Aboyún mọ́kànlá lójoojúmọ́, n kò gbọdọ̀ sọ pé "ẹ kú ìkúnra." Ó ń wá sí mi lẹ́nu, mo ń gbé e mì. Mo rò pé òun ló sanra sí mi lọ́fun.

Háwà ò wá. Ojoojúmọ́ ni mò ń wo ọ̀nà. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, aṣọ pupa yọ lẹ́yìn àgọ́. Ó dúró lókèèrè.

"Ṣé ẹ kò ní sọ̀rọ̀?"

"N kò ní sọ̀rọ̀."

"Ẹ búra."

Mo búra. Ó jókòó, ó ní irun olówùú bíi tèmi lòun fẹ́. Mo ya irun rẹ̀ sọ́nà méjì, mo bẹ̀rẹ̀ lápá ọ̀tún. Mo kó ibẹ̀ tán, mo ní kó na apá. Ẹ̀rọ náà gòkè, ó gòkè, mo ń bẹ̀ ẹ́ nínú pé kó dúró, kò dá mi lóhùn. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé.

"Ṣé orí ò fọ́ ọ?"

"Láti àná ni. Iná wẹ́wẹ́ ń tàn lójú mi."

Ilé ìwòsàn ìlú lọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe lọ́la. Bí mo bá sì wí fún un báyìí pé kó dìde ká lọ sílé ìwòsàn, yóò sá, n kò ní rí i mọ́ títí gìrì yóò fi bá a lórí ẹní. Apá ọ̀tún orí rẹ̀ ti parí, ó dúró ṣánṣán. Apá òsì rú bí igbó. Òwú káàdì méjì ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo rọra sún, mo jókòó lé e.

"Ye! Òwú tán."

Màmá Isátù, tó ti rí gbogbo rẹ̀, mi orí. "Ó tán pátápátá. Irú òwú yẹn, àfi ìlú."

Háwà fọwọ́ kan apá òsì. "N kò lè wà báyìí o!"

"Ta ló lè wà bẹ́ẹ̀?" ni ìyá àgbà wí. "Orí méjì lọ́rùn kan! Ẹ tètè lọ ra òwú, kí èèyàn tó rí i."

Nínú ọkọ̀

Sáńtígì ni awakọ̀ wa, ọkùnrin kan tó fẹ́ràn ìbéèrè. Ó wo Háwà tó fi gèlè bo ààbọ̀ orí, ó wò mí.

"Nọ́ọ̀sì, níbo là ń lọ?"

"A fẹ́ lọ ra òwú."

"Òwú. Kí wá ni ẹ gbé àpótí abẹ́rẹ́ dání ṣe?"

"Abẹ́rẹ́ kọ́ ni wọ́n fi ń lo òwú nílùú yín?"

Ó tẹná mọ́ ọkọ̀. A kò tíì rìn jìnnà tí Háwà fi dì mí lọ́wọ́ mú. Ó rọra sọ ọ́, kí ọkùnrin má baà gbọ́.

"Màmá Nọ́ọ̀sì. Òwú ò tán."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ẹ jókòó lé e. Mo rí i tó yọ lábẹ́ yín."

Mo wò ó. Gbogbo ọgbọ́n tí èmi àti ìyá àgbà rò pé a fi mú un! Ó mọ̀, ó sì gun ọkọ̀. Ohun tó ń wá ni ọ̀nà tó lè gbà láìjẹ́ pé ẹnu kan sọ ọ́.

"Tóò," ni mo wí. "Ṣé kí n gún ọ lábẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kí gìrì dé?"

Ó na itan. Kò pẹ́ sí i tó bẹ̀rẹ̀ sí í kérora.

Sáńtígì yíjú díẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, òwú tí a kò tíì rà ló ń ké báyìí?"

"Kọjú sọ́nà!"

"Mo kọjú sọ́nà. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá kí n sáré ni."

"Sáré!"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá ilé ìwòsàn, Háwà ní kí n má sọ ọ́, mo sì ti búra. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí nìkan: gìrì dé ẹnu ọ̀nà, ó wo àwa tí a wà nínú, ó padà. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni ọmọ ké. Obìnrin.

Ọmọ ti ké, òfin ti tú. Ẹ̀yin ará mi, gbogbo ohun tí mo ti gbé mì láti ọjọ́ yìí wá tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà! Mo kí Háwà kú ewu ọmọ, mo kí i kú oríire, mo kí dókítà kú iṣẹ́, mo kí Sáńtígì kú ìdúró, mo kí aṣọ fèrèsé. Háwà, tí agbára rẹ̀ ti tán, rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi ní kí n bọ́ síta.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e la padà. Màmá Isátù ti wà lẹ́nu ọ̀nà àgọ́, ó ń ṣe bí ẹni tó kàn ń kọjá lọ. Àwọn ọkùnrin wà nítòsí.

"Ṣé ẹ rí òwú?" ló wí.

"A rí i, Màmá."

"Mélòó?"

"Ẹyọ kan."

"Ó gùn?"

"Kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohùn rẹ̀ gùn."

Ìyá àgbà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi etí ìró nu ojú. Háwà kò jẹ́ kí ẹlòmíì parí orí rẹ̀. Ìdí àpótí náà ni mo ti kó apá òsì fún un, ọmọ lẹ́sẹ̀.

Bàrígà

Ọjọ́ kẹta tí mo dé ni ìyàwó kan ládùúgbò wa, oyún oṣù méje, wá ká Bàbá Kúnlé mọ́ ẹnu ọ̀nà. "Bàbá, kí ni mo ṣe fún ìyàwó yín? Ó kọjá lára mi lẹ́ẹ̀mẹta, kò kí mi kú ìkúnra. Ṣé bí wọ́n ṣe ń di àgbáyé nìyẹn?" Mo jáde, mo bẹ̀ ẹ́, mo kí i títí ó fi ní ó ti tó.

Àmọ́ àpótí ìdìrí wà lẹ́yìn ilé ìgbẹ̀bí mi báyìí. Mo rò pé eré ni mo fi ṣe. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ ilé-ìwé yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó fi báàgì bo iwájú ara rẹ̀. N kò béèrè ọ̀dọ̀ ẹni tó ti wá. Ẹ̀yin náà, ẹ má béèrè. Ó ní òun gbọ́ pé mo ń dirun.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo bi í pé ṣé ó mú òwú wá.

Ó ní òun ò ní òwú.

"Jókòó," ni mo wí. "Òwú kò lè tán lọ́dọ̀ mi."